Kíkọ ìbànújẹ́ sílẹ̀: ohun tó ń ṣe fún ọkàn, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Bí nǹkan bá dun èèyàn wọra, ìmọ̀ràn kan wà tó máa ń tètè jáde lẹ́nu àwọn tó yí i ká: "Kọ ọ́ sílẹ̀, ara á tù ẹ́." Pásítọ̀ ń sọ ọ́, tíṣà ń sọ ọ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà ń sọ ọ́. Ẹni tó gbà á á lọ ra ìwé, á jókòó tì í, á kọ "Inú mi bàjẹ́" sójú ewé, á tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì ní mọ ohun tó kàn mọ́. Ó lè dìde níbẹ̀ kí ìbànújẹ́ rẹ̀ tún ju ti ìgbà tó jókòó lọ. Á wá gbà pé àwọn òǹkọ̀wé nìkan ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún, tàbí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni.

Ìmọ̀ràn náà dára. Ìdajì rẹ̀ ni wọn kì í sọ. Ká kàn da ohun tó wà nínú sórí ìwé, ìyẹn nìkan kì í pẹ́ sú èèyàn, kì í sì í mú nǹkan kúrò lójú kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí èèyàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ di ìtàn: kó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó ní àwọn tó wà níbẹ̀, kó ní ìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ṣe ohun tó ṣe, kí ẹni tó ń kọ ọ́ náà sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọgbọ́n àtikọ̀tàn yìí, tí a rò pé ti àwọn òǹkọ̀wé ni, òun gan-an ló ń wo èèyàn sàn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n jáwọ́ níbi tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Dallas

Lọ́dún 1986, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti Sandra Beall tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Southern Methodist University ní Dallas, ìpínlẹ̀ Texas, ni wọ́n ti ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ 46 ló kópa. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń kọ̀wé lójúmọ́, fún ọjọ́ 4 léraléra. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan ń kọ nípa nǹkan tí kò ta èèyàn lára, bíi yàrá tí wọ́n ń gbé tàbí bàtà ẹsẹ̀ wọn. Àwọn kan ń kọ nípa ohun tó burú jù lọ tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láyé, àmọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ, kí wọ́n má fẹnu ba bó ṣe rí lára wọn. Àwọn mìíràn, bó ṣe rí lára nìkan ni wọ́n ń kọ, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn ń kọ méjèèjì pọ̀.

Bí àwọn tó kẹ́yìn yìí bá ti kọ̀wé tán lójúmọ́, ojú wọn máa ń kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn á sì ga ju ti àwọn tó kọ nípa bàtà lọ. Ẹni tó bá rí wọn lọ́jọ́ náà á ní wọ́n fi ìwé kíkọ dá ara wọn lóró ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn iléèwé náà wò fún oṣù 6 tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn ni ìrìn wọn sílé ìwòsàn dín kù.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà fún ẹni tó dìde nídìí ìwé pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. Wíwúwo yẹn lọ́jọ́ tí a kọ ọ́ kò túmọ̀ sí pé kò ṣiṣẹ́. Ara kì í tuni lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àti oṣù ni èrè rẹ̀ fi ń yọjú. Ibẹ̀ náà ni ìdáhùn wà fún ẹni tó kọ "Inú mi bàjẹ́" kún ojú ewé: ó sọ bó ṣe ń ṣe é, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó sì ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń gba ẹjọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, tí kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ wọ̀ ọ́, òun náà fi ìdajì sílẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1994 tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an, torí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Stefanie Spera, Eric Buhrfeind àti Pennebaker kan náà ló ṣe é pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó fi ọjọ́ mélòó kan kọ bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ àti bó ṣe ká wọn lára rí iṣẹ́ tuntun kíákíá ju àwọn tó kọ nípa ètò ojúmọ́ wọn tàbí àwọn tí kò kọ nǹkan kan. Kì í ṣe pé wọ́n kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ o, wọn ò sì pe èèyàn lórí fóònù jù wọ́n lọ. Èrò àwọn olùwádìí ni pé ìbínú ti rọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n fi máa jókòó síwájú ọ̀gá tuntun. Ẹni tó bá ti gba ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ rí mọ bí ìkorò yẹn ṣe máa ń jáde lẹ́nu èèyàn láìròtẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá bi í pé, "Kí ló gbé ẹ kúrò níbi tó o wà tẹ́lẹ̀?"

Lẹ́yìn ìgbà náà, Pennebaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ka irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń lò nínú ìwé tí wọ́n kọ. Àwọn tí kíkọ ràn lọ́wọ́ jù ni àwọn tí ọ̀rọ̀ bíi "torí" àti "ó wá yé mi" ń pọ̀ sí i lẹ́nu wọn láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní wọn rí wúruwùru, nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkẹyìn ó ti ní orí àti ìdí. Àwọn tí ìtàn wọn ti gún régé láti ọjọ́ kìíní, tí wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó jàre kí wọ́n tó mú bírò, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹkún nìkan kọ́ ni kíkọ ń fúnni láyè fún. Ìríran tó wà nínú ẹkún yẹn ló ń là lójú.

Nígbà tí ìtàn náà bá jẹ́ ti ẹlòmíì

Títí dé ibi tí a bá a dé yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn gan-an ni gbogbo wọn ń kọ. Ibo wá ni ìtàn àròsọ àti ewì ti wọlé? Lọ́dún 1996, Melanie Greenberg, Camille Wortman àti Arthur Stone tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí àjálù ti bá rí. Wọ́n ní kí àwọn kan kọ nípa àjálù tiwọn. Wọ́n gbé àjálù ẹlòmíì fún àwọn kejì, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn kẹta kọ nǹkan tí kò kan ọkàn. Nígbà tó pé oṣù kan, àti àwọn tó kọ tiwọn, àti àwọn tó kọ ti àròsọ, àìsàn kò gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó àwọn kẹta. Bẹ́ẹ̀, lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ tán, ọkàn àwọn tó kọ ti àròsọ kò rẹ̀wẹ̀sì tó ti àwọn tó kọ tiwọn.

Ẹ tún èyí gbọ́. Èèyàn kọ nípa ìyà tí kò jẹ òun, ara rẹ̀ sì jàǹfààní bí ẹni tó kọ nípa ìyà tó jẹ ẹ́ gan-an. Lójú tèmi, ohun tó fà á ni pé ẹni tó ń hun ìtàn ní láti wọ inú ìrora, kó dúró síbẹ̀, kó wá ọ̀rọ̀ fún un, kó sì jáde padà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀dá inú ìtàn ló gbé ìyà náà rù. Òǹkọ̀wé kàn ń bá a rìn ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbóná jù láti sọ pé kó fún un ní orúkọ ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ lójú ewé. Èmi ni mo hun ọkùnrin tí mo fẹ́ lò yìí, àmọ́ irú rẹ̀ kún London àti Houston. Ìyá rẹ̀ kú sí Òṣogbo nígbà tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì; bó bá jáde nílùú, gbogbo ohun tó ti ń lé bọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá á dòfo. Kò lọ síbi ìsìnkú. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí, kò lè wo fọ́tò ìyá náà, ó sì máa ń bínú sí àwọn àbúrò rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Inú mi bàjẹ́. Mi ò sin ìyá mi. Mi ò lè dárí ji ara mi. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń ṣe mí. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kò sí ọjọ́ nínú rẹ̀, kò sí ilé, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni, ìyá gan-an kò ní ojú. Ẹni tó bá ń ka irú èyí lójoojúmọ́, ojú kan náà ni yóò máa yí po. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń sin ín? Ó tún bírò mú:

"Fóònù ni mo fi sin ìyá mi. Àbúrò mi ló gbé tiẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo jókòó níbi tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, mo ki íàpíìsì bọ etí kan. Wọ́n ń kọrin, ohùn Bọ̀dá Àkàndé ló ń bo ti gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pósí kalẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì lọ. Àwòrán gan sójú àbúrò mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nígbà tó máa padà dé, wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀. Ọ̀gá mi yọjú, ó ní bíréèkì ti tán. Mo dìde, mo lọ fọwọ́."

Kò sí "inú mi bàjẹ́" níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa kà á tí kò ní mọ̀. Ìrora náà ti ní ibi tó wà: ó wà lójú àwòrán tó gan, ó wà níbi tó ti lọ fọwọ́. Ìrora tó bá ní ibi tó wà ṣeé wò. Èyí tó bá tàn ká gbogbo ara kò ṣeé dì mú.

Ní ọjọ́ kẹta, ó yọ "mo" kúrò, ó fi Délé síbẹ̀. Délé fọwọ́, ó fọ̀ ọ́ pẹ́, omi gbígbóná ń sun ún lọ́wọ́, kò gbé e kúrò. Torí pé Délé kì í ṣe òun mọ́, ó lè bi í ní ìbéèrè tí kò lè bi ara rẹ̀: "Kí ló dé tí o kò sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ni wọ́n ń sin lọ́wọ́?" Délé sì dáhùn pé: "Torí bí mo bá sọ ọ́ síta, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn." Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi ń rò pé àìlọ sí Òṣogbo ló ń bi òun nínú. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, kò sí ohun tó lè ṣe sí i, òun náà mọ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni pé ó dìde nígbà tí wọ́n pè é. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èkejì sì kéré ju èkíní lọ. Ó ṣeé bá ẹnì kan sọ, ó tiẹ̀ ṣeé bá àbúrò ẹni sọ lórí fóònù.

Bó bá fẹ́, ó lè lọ síwájú sí i, kó kọ lẹ́tà kan láti ẹnu ìyá náà wá. Ibí ló gba ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu òkú máa ń fi oyin sí i jù: "Ọmọ mi, mo ti dárí jì ẹ́, máa gbé ayé rẹ." Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ìyá náà kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀. Bó bá jẹ́ aláròyé, kó ṣàròyé: "Àjàní ọkọ mi, ṣé o jẹun lọ́jọ́ náà? Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n ra pósí olówó gọbọi yẹn? Ìwọ lo sanwó rẹ̀, àbí?" Ìbínú díẹ̀, ìbéèrè nípa oúnjẹ, oríkì tí ẹlòmíì kì í pè é mọ́. Bí ohùn náà bá jọ tirẹ̀ lóòótọ́, ẹkún tó máa gbọ̀n jáde níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan tuntun sí wa

Àwọn tó ń pe èyí ní àṣà òyìnbó kò ro ẹkún ìyàwó dáadáa. Láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọbìnrin tó fẹ́ relé ọkọ a máa fi ohùn arò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ọpẹ́ sí òbí, ẹ̀rù ilé tí kò dé rí, àárò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àní ìbínú sí ẹni tó bú u rí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sun ún lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀; ohun tó kàn án ni yóò wá fi sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, bó bá dúró lójú agbo tó ní "ẹ̀rù ń bà mí", wọ́n á ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Lọ́jọ́ yìí, ẹkún ìyàwó ni, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á fún un lẹ́bùn, àwọn ìyá tó ń gbọ́ ọ náà á máa nu ojú. Òfin tó wà nínú ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ náà ló fún un ní òmìnira.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣípà fún un, ìyẹn ètò tí àwọn ọdẹ fi ń dágbére fún òkú wọn, wọ́n a sì fi ìrèmọ̀jé dárò rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ìlú ń bẹ̀rù, tí wọ́n ń wọ igbó lóru, ni wọ́n ń dúró lójú èèyàn tí wọ́n ń fi ohùn arò sọ ohun tí ikú mú lọ. Ẹni tó bá ní ọkùnrin kì í sunkún ní láti wá bá àwọn wọ̀nyí sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ìtàn kíkọ kò bá wù lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewì, pàápàá oríkì. Ẹ kọ oríkì ẹni tó lọ: ohun tó fẹ́ràn, bó ṣe ń rìn, ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, oúnjẹ tí kì í jẹ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní "ìwọ", ẹ má sọ nípa rẹ̀. Ewì kì í jẹ́ kí èèyàn ṣàlàyé púpọ̀, ìyẹn sì dára fún ìrora tí kò tíì ní àlàyé. Nígbà tí wọ́n ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé láàárín 1967 sí 1969, tí wọ́n dá a wà fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò náà, orí ìwé ìnùdí àti àárín ìlà ìwé tí wọ́n bá fún un kà ló ń kọ nǹkan sí, títí kan ewì. Kò ní olùgbọ́, ó ṣì wá ọ̀nà.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé èdè wo ni kí èèyàn fi kọ ọ́. Èdè tí nǹkan náà fi ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń sọ. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni bàbá yín fi bú yín, Gẹ̀ẹ́sì á fọ èébú náà mọ́ jù. Nígbà míì sì rèé, ohun tí ẹ nílò gan-an nìyẹn níbẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó lè wò ó. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lónìí, kí ẹ tún un kọ ní Yorùbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí àmì ohùn dá yín dúró, kò sẹ́ni tó máa máàkì rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ tàbí tí ìwé kíkọ ń nira fún lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Àwọn olùwádìí ti ní kí àwọn èèyàn sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dípò kí wọ́n kọ ọ́, òun náà sì ṣiṣẹ́.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí pẹ̀lú èrò pé bírò lè wo gbogbo nǹkan. Lọ́dún 2006, Joanne Frattaroli kó ìwádìí 146 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó rí ni pé àǹfààní wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí a bá pín in dọ́gbadọ́gba láàárín gbogbo èèyàn, ó kéré. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ gan-an, kò sì ṣe nǹkan kan fún àwọn mìíràn.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹni wọn wà lára àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún. Ìwádìí tí Margaret Stroebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2002 fi hàn pé kíkọ ọ̀rọ̀ ọkàn sílẹ̀ kò mú kí ọ̀fọ̀ wọn yá tán. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀fọ̀ tó bá ń lọ bó ṣe yẹ ní àwọn èèyàn tó ń bá ọlọ́fọ̀ gbé e: àwọn tó wá kí ni, àwọn tó ń sọ ìtàn olóògbé lábẹ́ kánópì, àwọn tó ń gbé ọbẹ̀ wá. Ohun tí kíkọ dára fún ni ohun tí èèyàn kò rí ẹni bá sọ. Ọkùnrin wa ti London kò sí lábẹ́ kánópì yẹn, ìdí nìyẹn tí ìwé fi lè wúlò fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Àwọn tí wọ́n máa ń ro nǹkan ròròrò náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Lọ́dún 2013, David Sbarra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Arizona tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí ìgbéyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Lára àwọn tó máa ń ro ọ̀rọ̀ lárotúnrò, àwọn tó kàn kọ ohun tí wọ́n ṣe lójúmọ́ sílẹ̀ ni ara wọn yá lẹ́yìn oṣù mélòó kan ju àwọn tó kọ̀wé nípa ìtúká náà lọ. Ẹni tó bá ti ń fi gbogbo òru rò ó kò nílò ìwé tí yóò máa fi rò ó lọ́sàn-án. Bí ẹ bá ti kọ nípa ohun kan náà títí tí gbólóhùn rẹ̀ kò yí padà, ẹ pa á tì. Ẹ kọ nípa nǹkan mìíràn, tàbí kí ẹ lọ rìn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé oorun ti dáwọ́ dúró, oúnjẹ kò wọlé, tàbí èrò àtipa ara ẹni ń wá, iṣẹ́ dókítà ni. Ilé ìwòsàn àìlera ọpọlọ wà ní Àrò l'Abẹ́òkúta àti ní Yábàá l'Ékòó. UCH n'Ìbàdàn náà ní àwọn dókítà ọpọlọ. Àjọ SURPIN tó wà ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ronú àtipa ara wọn ni wọ́n dìídì ń bójú tó. Ẹni tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì lè pe Samaritans, àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, lórí 116 123 nígbàkígbà, ẹni tó wà l'Amẹ́ríkà lè pe 988. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìtàn bá parí.

Fún ẹni tó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yan àkókò tí ẹ ò ní sáré lọ síbi kankan lẹ́yìn rẹ̀, torí ọkàn á wúwo díẹ̀. Bí ohun kan bá ń wá sọ́kàn tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè kojú rẹ̀ lónìí, ẹ fò ó. Kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ máa fi ìwé náà pa mọ́ sí. Nínú ilé tí èèyàn mẹ́fà ń gbé, tí aya, ọkọ, àbúrò àti ọmọ jọ ń ṣí àpótí kan náà, èèyàn kì í lè sọ òótọ́ fún ìwé tí ẹlòmíì máa kà. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ tán, wọ́n á sun ún níná. Kò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí kó tó jóná.

Ẹ má gbé e lọ sórí Facebook lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Ní kété tí ẹ bá mọ̀ pé àwọn èèyàn máa kà á, ọwọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara yín ṣe, ìtàn tó gún régé láti ọjọ́ kìíní á sì tún wọlé. Bó bá pẹ́, tí ẹ rí i pé iṣẹ́ náà dára, tí ẹ sì fẹ́ kí ayé kà á, ẹ rántí àwọn ẹlòmíì tó wà nínú rẹ̀. Àbúrò tó gbé fóònù sókè kò mọ̀ pé òun ti di ẹ̀dá inú ìtàn. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ yí ìlú padà, bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ kà á sí i létí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.